Nadežda Petrović: ẹ má fi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì bo iṣẹ́ ọ̀dà obìnrin yìí mọ́lẹ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí mo fẹ́ sọ lónìí. Àbúrò mi tó ń kàwé ní Belgrade ló mú owó Serbia kan bọ̀ fún mi nígbà tó wá sílé, 200 dinar, ó ní kí n fi ṣe ìrántí. Obìnrin ló wà lójú owó náà. Mo yí i sẹ́yìn, obìnrin yẹn náà ni mo tún bá níbẹ̀, fọ́tò ìgbà tó ń ṣe nọ́ọ̀sì, àti ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Mo ní ta lèyí? Àbúrò mi ní Nadežda Petrović ni, akọni ni, àwọn sójà ló ń tọ́jú lójú ogun tí àìsàn fi pa á. Ó wá fi kún un pé, “ó tún máa ń yàwòrán.”

Ó tún máa ń yàwòrán! Mi ò bá àbúrò mi jà, ohun tí wọ́n sọ fún un lọ́hùn-ún ló sọ. Ṣùgbọ́n látìgbà tí mo ti lọ wo iṣẹ́ obìnrin yẹn fúnra mi, gbólóhùn yẹn ń dùn mí. Ìyàwòrán kọ́ ló ń fi ọwọ́ òsì ṣe o, òun gan-an niṣẹ́ ẹ̀.

Ìlú Čačak ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1873. Olùkọ́ ni bàbá ẹ̀, ilé ọlọ́mọ púpọ̀ sì ni wọ́n, Rastko tó jẹ́ àbúrò ẹ̀ padà di òǹkọ̀wé ńlá. Òun kọ́ ni obìnrin àkọ́kọ́ tó di ayàwòrán láàárín àwọn Serb, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, Katarina Ivanović ti ń ṣe é láti bí ọgọ́ta ọdún ṣáájú. Ṣùgbọ́n Nadežda ni mo gbà pé ó ṣí ojú ìwé tuntun, torí bó ṣe ń lo ọ̀dà, kò sẹ́ni tó ń lò ó bẹ́ẹ̀ nílé, lọ́kùnrin lóbìnrin.

Lọ́dún 1898 ló forí lé Munich ní Jámánì. Ẹ gbọ́ ná, ilé ẹ̀kọ́ ńlá tí ìjọba ní fún iṣẹ́ ọnà ní Munich ò gba obìnrin nígbà yẹn, ọdún 1920 ni wọ́n tó ṣílẹ̀kùn fóbìnrin, tí Nadežda ti pé ọdún márùn-ún nínú sàréè. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá aládàáni ni àwọn obìnrin ti ń kọ́ṣẹ́. Ọ̀gá tirẹ̀ ń jẹ́ Anton Ažbe, ọmọ Slovenia, abẹ́ ọkùnrin yẹn náà ni Kandinsky, ayàwòrán Rọ́ṣíà tó lókìkí, gbà kọjá. Ohun tí Ažbe ń kọ́ wọn ni pé kí wọ́n mú búrọ́ṣì tó fẹ̀, kí wọ́n fa ìlà láìbẹ̀rù, kí wọ́n má sì po ọ̀dà pọ̀ títí tí yóò fi kú, ẹ gbé e kalẹ̀ ní tútù rẹ̀, ẹ fi àwọ̀ pupa ti àwọ̀ ewé, ẹ jẹ́ kí ojú ẹni tó ń wò ó ṣe ìyókù. Nadežda gba ẹ̀kọ́ yẹn bí ẹni gba ogún.

Ọdún 1900 ló ṣe ìpàtẹ àwòrán tirẹ̀ ní Belgrade. Wọn ò gbádùn ẹ̀ rárá, àwọn tó ń kọ̀wé nípa àwòrán bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Àwòrán tó dán, tó jọ̀lọ̀, tí gbogbo nǹkan jọ bó ṣe rí lójú gan-an ni wọ́n ń fẹ́, obìnrin yìí wá gbé ọ̀dà tó nípọn bí ẹ̀kọ lé ara wọn síwájú wọn. Ẹ wo èyí tó pè ní Igi Nínú Igbó, ti 1902, ìtì igi kan ló gbá gbogbo ojú mú, ẹ ò lè ka ewé kan níbẹ̀, ìlà búrọ́ṣì lẹ máa rí, ṣùgbọ́n ẹ sún sẹ́yìn díẹ̀ kẹ́ ẹ tún wò ó, igbó lẹ wà yẹn! Mo sún fóònù mi jìnnà, mo tún fà á súnmọ́, mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

Bí ẹlòmíì ni, èébú yẹn á mú un lọ wá ọkọ fẹ́ kó jókòó sílé. Ọ̀rọ̀ ọkọ náà wà níbẹ̀ o, wọ́n ti fẹ́ ẹ sọ́nà fún òṣìṣẹ́ ìjọba kan rí, ìyá ọkọ ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè owó gọbọi lọ́wọ́ ilé ìyàwó (lọ́dọ̀ tiwọn nígbà yẹn, ilé obìnrin ló ń sanwó, kì í ṣe bíi tiwa tí ọkọ ń gbé owó orí wá), bí ọ̀rọ̀ ṣe dàrú nìyẹn. Kò lọ́kọ títí tó fi kú. Ó padà sílé, ó ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin níwèé, lọ́dún 1903 òun àtàwọn obìnrin kan dá Ẹgbẹ́ Àwọn Arábìnrin Serbia sílẹ̀ láti máa ran àwọn tí ogun àti ìnira bá lọ́wọ́, ọdún 1905 ló kó àwọn ayàwòrán jọ sí abúlé Sićevo lẹ́bàá ìlú Niš kí wọ́n jọ máa gbé kí wọ́n jọ máa ṣiṣẹ́, irú ẹ̀ ò tíì ṣẹlẹ̀ rí lágbègbè yẹn. Lẹ́yìn náà ló lọ lo bí ọdún méjì ní Paris. Ṣé ẹni tó “tún máa ń yàwòrán” ló ń ṣe gbogbo èyí?

Nígbà tí ogun Balkan, tí Serbia àtàwọn aládùúgbò ẹ̀ bá ìjọba Ottoman jà, bẹ́ sílẹ̀ ní 1912, ó yọ̀ǹda ara ẹ̀ láti ṣe nọ́ọ̀sì, wọ́n tiẹ̀ fún un lámì ẹ̀yẹ. Ṣùgbọ́n ó gbé ọ̀dà dání lọ! Ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lẹ́yìn owó tí mò ń sọ yẹn, Gračanica ló ń jẹ́, ní Kosovo, Nadežda ló yà á lọ́dún 1913, ìgbà tó ń tẹ̀ lé àwọn sójà kiri. Ṣọ́ọ̀ṣì wà lẹ́yìn, òdòdó pupa kún iwájú, òdòdó tí àwọn Serb gbà pé inú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó kú lójú ogun Kosovo ọdún 1389 ló ti hù. Wọ́n sì gbé ṣọ́ọ̀ṣì yẹn sórí owó, àbúrò mi tó ń ná an lójoojúmọ́ ò mọ̀ pé àwòrán ẹ̀ ló so ó mọ́ obìnrin yẹn.

Ogun Àgbáyé Kìíní wá dé. Lẹ́yìn ìjà Kolubara, tí Serbia bá àwọn sójà Austria-Hungary jà ní ìparí 1914, ìlú Valjevo kún fún àwọn tó fara gbọgbẹ́, ti Serbia àti ti ọ̀tá tí àwọn ẹgbẹ́ wọn sá fi sílẹ̀, gbogbo ìlú di ọsibítù. Àìsàn tó bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ ni táífọ́ọ̀sì, kì í ṣe táífọ́ọ̀dù tí àwa mọ̀ tó ń ti inú omi ìdọ̀tí wá o. Iná ara ló ń gbé e kiri, kòkòrò kékeré tó ń sá pamọ́ sí ojú rírán aṣọ. Tí aláìsàn bá dùbúlẹ̀ tira wọn, tí aṣọ ò rọ́ṣẹ, kò séwu tó jùyẹn lọ, ẹni tó ń bọ́ aṣọ lára wọn ni yóò kọ́kọ́ kó o. Ó lé ní 100,000 èèyàn tó bá àjàkálẹ̀ yẹn lọ ní Serbia, dókítà àti nọ́ọ̀sì pọ̀ nínú wọn. Nadežda kú ní Valjevo ní 3 April 1915. Ẹni ọdún 41 péré.

Mi ò ní kí wọ́n má pè é ní akọni nítorí ìyẹn, akọni ni. Ohun tí mò ń sọ ni pé kò gbé búrọ́ṣì sílẹ̀ kó tó gbé báńdéèjì. Iṣẹ́ ìkẹyìn ẹ̀ wà ní mùsíọ́mù ìjọba ní Belgrade, Ọsibítù Valjevo lorúkọ ẹ̀, 1915 ló yà á, nínú àjàkálẹ̀ yẹn gan-an. Àwọn àgọ́ funfun ló yà, àwọn àgọ́ tí wọ́n ń tẹ́ aláìsàn sí, pẹ̀lú igi àti òkè lẹ́yìn wọn. Ọwọ́ ẹ̀ ò gbọ̀n níbẹ̀ rárá. Ìlà búrọ́ṣì fífẹ̀ yẹn náà ni, tó nípọn, tó yára, irú èyí tí wọ́n tìtorí ẹ̀ bú u ní 1900.