Kí Wọ́n Yẹ Oògùn Oko Wò Kí Ó Tó Kan Ọmọ Inú

Lásìkò òjò, tí àwọn àgbẹ̀ Ìdànrè àti Oǹdó bá ń fín oògùn kí kòkó má baà rà lórí igi, obìnrin ló sábà ń pọn omi tí wọ́n fi ń po oògùn náà. Òmíràn nínú wọn ti lóyún tí òun fúnra rẹ̀ kò tíì mọ̀. Oṣù méjì àkọ́kọ́ yẹn gan-an sì ni ọkàn, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọlẹ̀ ń dá.

NAFDAC, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn, ti fòfin de oògùn koríko tí wọ́n ń pè ní paraquat láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2024, atrazine, oògùn koríko mìíràn, sì tẹ̀lé e ní 2025. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọdún mélòó ni àwọn èèyàn wa ti fi fín wọn kí òfin tó dé? Ohun tí a ń fẹ́ ni pé kí ìjọba ìpínlẹ̀ Oǹdó dá ilé àyẹ̀wò sílẹ̀, pẹ̀lú yunifásítì FUTA ní Akúrẹ́ àti yunifásítì ìmọ̀ ìṣègùn UNIMED ní ìlú Oǹdó, níbi tí wọn yóò ti máa fi ẹyin ẹja yẹ àwọn oògùn yìí wò.

Ọ̀nà náà kì í ṣe àdììtú. Ní 2013, OECD, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè tó ń gbé ìlànà àyẹ̀wò kẹ́míkà jáde, gbé ìlànà 236 jáde: wọn a kó ẹyin zebrafish, ẹja kékeré kan, tó ti gba àtọ̀ sínú omi tí a po oògùn sí ní ìwọ̀n oríṣiríṣi, wọn a sì máa wò ó fún wákàtí 96. Ikú ni ìlànà yẹn ń wá, àmọ́ àwọn onímọ̀ ń fi irú ẹyin kan náà wá àbùkù pẹ̀lú. Ẹyin náà mọ́ gaara bíi dígí. Ẹ ó rí i bí ọkàn ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í lù, ẹ ó rí i bí ìrù bá wọ́. Ní Jámánì ẹ̀wẹ̀, wọ́n ń tọ́ sẹ́ẹ̀lì ọlẹ̀ eku nínú abọ́ títí yóò fi di iṣan ọkàn tó ń lù. Oògùn tí kò bá jẹ́ kó lù, wọn a fura sí i.

Kò pọn dandan kí a ra zebrafish. Ẹja àrọ̀ ni tiwa. Àwọn tó ń sin ín mọ bí a ṣe ń fún ẹyin rẹ̀ jáde, láàárín nǹkan bí ọjọ́ kan sí ọjọ́ kan àbọ̀ ló sì ń pa. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nípa ẹja wà ní FUTA.

Àwọn kan yóò ní ara ẹja kò jọ ara èèyàn. Òótọ́ ni: ẹyin kò ní ibi ọmọ, kò sì ní ẹ̀dọ̀ ìyá tó ń yí oògùn padà. Ṣùgbọ́n ṣé ara eku tí wọ́n sábà fi ń yẹ oògùn wò jọ tèèyàn? Thalidomide, oògùn tí àwọn aboyún lò, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní Jámánì ní 1957, sọ ọmọ tó lé ní 10,000 di aláàbọ̀ ara káàkiri ayé kí wọ́n tó kó o kúrò lọ́jà níparí 1961. Nígbà tí wọ́n padà fún eku aboyún ní oògùn náà, ọ̀pọ̀ ọmọ wọn ni kò lábùkù. Lára ehoro ló ti hàn. Àyẹ̀wò ẹranko aboyún tún gbówó lórí, ó ń gba oṣù, wọn a sì pa ìyá nígbà tí ìbí kù sí dẹ̀dẹ̀. Kí ẹyin ẹja kọ́kọ́ fi àwọn oògùn tó burú jù hàn wá, kí a tó náwó ńlá lé ìyókù.

Kí ìjọba fi owó ilé àyẹ̀wò yìí sínú ìṣúná tó ń bọ̀. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí oògùn koríko àti oògùn kòkó tó wà ní ṣọ́ọ̀bù báyìí, kí wọ́n kan àgbo tí wọ́n ń tà fún aboyún, kí wọ́n sì ka èsì rẹ̀ lórí rédíò ní èdè Yorùbá, pẹ̀lú orúkọ oògùn kọ̀ọ̀kan.