Ẹni Tó Kọ́kọ́ Rí Àìsàn Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Dá Lẹ́kọ̀ọ́

Òjò ti ń rọ̀ ní Abẹ́òkúta báyìí, ẹni tó bá sì ń gbé ní etí odò Sókòrí, ní Àmọ́láṣọ tàbí ní Láfẹ́nwá mọ ohun tí ìró òjò òru máa ń ṣe sí ọkàn ènìyàn. A kò tíì gbàgbé òjò ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ 13, oṣù Keje, ọdún 2018, tó gbé ènìyàn lọ, tó gbé ọkọ̀ lọ, tó sì wó ilé. Àmọ́ ohun tí a kì í sábà sọ ni ohun tí àgbàrá máa ń fi sílẹ̀ nígbà tó bá fà. Orí àpáta ni àwọn baba wa tẹ ìlú yìí dó sí. Àpáta tó gbà wọ́n lọ́wọ́ ogun nígbà náà ni kò jẹ́ kó rọrùn láti gbẹ́ ṣáláńgá tó jìn lónìí, púpọ̀ nínú àwọn kànga wa kò sì jìn. Nígbà tí àgbàrá bá gba ẹ̀yìnkùlé tí kò ní ilé ìgbẹ́ kọjá, inú kànga ni ó máa ń da ẹ̀gbin ibẹ̀ sí, ọ̀nà yìí gan-an sì ni àrùn onígbáméjì máa ń gbà wọlé.

Onígbáméjì yára púpọ̀. Ẹni tó lágbára láàárọ̀ lè má rí alẹ́ ọjọ́ náà nítorí omi ara rẹ̀ ti tán. Síbẹ̀, ó wà lára àwọn àrùn tó rọrùn jù lọ láti gba ènìyàn lọ́wọ́ rẹ̀: bí omi iyọ̀ òun ṣúgà bá tètè dé ẹnu aláìsàn, tí a sì fa omi sí ara ẹni tí tirẹ̀ bá le jù, ẹni tí yóò kú nínú ọgọ́rùn-ún kò ní pé ẹyọ kan. Ní ọdún 2021, àjọ NCDC, tó ń rí sí dídènà àjàkálẹ̀ àrùn ní Nàìjíríà, kà ju 111,000 ènìyàn lọ tí wọ́n fura pé onígbáméjì mú, 3,604 nínú wọn ló sì kú. Ẹni mẹ́ta ó lé nínú ọgọ́rùn-ún ni ìyẹn. Àlàfo tó wà láàárín ẹni mẹ́ta àti ẹni tí kò pé ẹyọ kan ni ọ̀rọ̀ wa dá lé lórí, nítorí kì í ṣe oògùn ìyanu ni yóò dí i. Ẹni tó mọ ohun tó yẹ kó ṣe, tí ohun tí yóò fi ṣe é sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ni yóò dí i.

Ta ni ẹni náà? Ẹ jẹ́ kí a fojú inú wo ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì kan nítòsí gárèèjì Láfẹ́nwá ní kùtùkùtù. Obìnrin kan gbé ọmọ rẹ̀ dé. Láti òru ni ọmọ náà ti ń yàgbẹ́, ìgbẹ́ náà sì ti di omi funfun bí omi tí a fi ṣan ìrẹsì. Ojú rẹ̀ ti jìn wọnú, ètè rẹ̀ ti gbẹ, bí a bá sì fi ìka méjì fa awọ ikùn rẹ̀, awọ náà kò tètè padà. Oníkẹ́míìsì náà kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó ta Flagyl àti tẹtirasákílìn tí owó ìyá náà ká fún un, ó ṣàdúrà fún ọmọ náà, ó sì kọjú sí oníbàárà mìíràn. Kò kọ ohunkóhun sílẹ̀. Nígbà tí ọ̀sán fi pọ́n, ẹnì kẹta ti dé láti àdúgbò kan náà pẹ̀lú ìgbẹ́ kan náà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó sọ fún oníkẹ́míìsì yìí rí pé ojúlé mẹ́ta ní ọjọ́ kan kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú rírun lásán. Kò mọ̀ pé òṣìṣẹ́ kan wà ní ìjọba ìbílẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gba irú ìròyìn bẹ́ẹ̀. Kò mọ̀ pé nọ́ńbà 6232 ti NCDC wà tí ènìyàn lè pè lọ́fẹ̀ẹ́. Kò sì mọ̀ pé ó yẹ kó sọ fún ìyá náà pé kó ra píọ́ wọ́tà oní-50cl méjì, kó po ṣíbí tíì mẹ́fà ti ṣúgà àti ààbọ̀ ṣíbí tíì ti iyọ̀ mọ́ ọn, kí ṣíbí náà má kún àkúnwọ́sílẹ̀, kó máa fún ọmọ náà mu ní díẹ̀díẹ̀ bí wọ́n ti ń gbé e lọ sí ọsibítù.

Ìdí nìyí tí a fi sọ pé ọ̀dọ̀ oníkẹ́míìsì, nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù, ìyálọ́jà àti awakọ̀ ni ó yẹ kí ìdálẹ́kọ̀ọ́ lórí pàjáwìrì ìlera ti bẹ̀rẹ̀, kí ó tó kan àwọn ọ̀gá. A kò kóyán àwọn tó wà ní Òkè-Mosàn, ibùjókòó ìjọba ìpínlẹ̀ wa, kéré. Ṣùgbọ́n ìdálẹ́kọ̀ọ́ tó bá parí sínú gbọ̀ngàn ìpàdé, tí wọ́n pín ìwé àti oúnjẹ inú páálí níbẹ̀, tí àwọn olùkópa sì lọ fi ìwé náà sínú dúrọ́ọ̀, kò tíì dé ibi tí àìsàn máa ń kọ́kọ́ yọjú.

Ẹ̀kọ́ nìkan kò tó, ohun èlò gbọ́dọ̀ bá a rìn. Akọ̀ròyìn wa kan yà sí ilé ìtọ́jú alábọ́ọ́dé kan nínú ìlú yìí láìpẹ́ yìí. Ike ìfọwọ́ tí wọ́n pín nígbà Kòrónà ṣì wà níbẹ̀, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni, ẹnu ẹ̀rọ rẹ̀ ti kán, ìgbálẹ̀ méjì ni wọ́n kì bọ inú rẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ mọ ohun tó yẹ kó ṣe bí aláìsàn onígbáméjì bá dé. Ó kà á lẹ́sẹẹsẹ láìwo ìwé. Lẹ́yìn náà ló ṣí kọ́bọ́ọ̀dù hàn án: páálí ìbọ̀wọ́ kan tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, àpò ORS (iyọ̀ òun ṣúgà tí a ń pò mọ́ omi) díẹ̀, kò sí omi dírípù kankan. Obìnrin náà kò ráhùn. Ó kàn ti kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀ padà ni.

Ilẹ̀ wa ti fi hàn rí pé ènìyàn tí a ti kọ́ sílẹ̀ ló ń ṣẹ́gun àìsàn. Nígbà tí àrùn Ebola wọ Èkó ní ọjọ́ 20, oṣù Keje, ọdún 2014, Dókítà Ameyo Adadevoh àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló kọ̀ jálẹ̀ pé aláìsàn tó gbé e wọlé kò ní kúrò ní ọsibítù, dókítà náà sì fi ẹ̀mí ara rẹ̀ dí i. Àwọn tó ti mọ iṣẹ́ lílé àrùn rọpárọsẹ̀ dunjú ni ìjọba kó jọ lẹ́yìn náà. Wọ́n wá ènìyàn 894 kàn, wọ́n sì bẹ̀ wọ́n wò lójúkojú ní nǹkan bí ìgbà 18,500. Ènìyàn 20 péré ni àrùn náà mú ní Nàìjíríà, 8 ló kú. Àwọn àgbàlagbà ìgbèríko wa náà rántí sòbìà, tó mú àwọn àgbẹ̀ dùbúlẹ̀ nígbà ìkórè. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, ó lé ní 650,000 ènìyàn tí wọ́n kà pé ó ń dà láàmú ní Nàìjíríà. Ọmọ abúlé tí a kọ́ láti máa ka aláìsàn, láti máa pín asẹ́ tí a fi ń sẹ́ omi, kó sì má jẹ́ kí ẹlẹ́sẹ̀ sòbìà wọ inú odò, ló lé e lọ. Ní ọdún 2013, ayé jẹ́rìí sí i pé a ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹni tó bá rò pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ jìnnà sí wa, kó rántí pé Ewékorò ni ará Ítálì tí a kọ́kọ́ rí Kòrónà lára rẹ̀ ní Nàìjíríà wà ní oṣù Kejì ọdún 2020, Èkó ni wọ́n sì gbé e lọ tọ́jú. Láti ìgbà náà, ọkọ̀ ojú irin tuntun ti so wá pọ̀ mọ́ Èkó àti Ìbàdàn, àìsàn náà sì mọ ọkọ̀ wọ̀.

Owó ńkọ́? Ní ọjọ́ 11, oṣù Keje, ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀. A fẹ́ kí àwọn alága Àríwá àti Gúúsù Abẹ́òkúta jẹ́ kí ìdájọ́ náà hàn nínú ìlera wa. Kí wọ́n ya owó pàjáwìrì ìlera sọ́tọ̀ nínú ètò ìsúná, kí wọ́n lẹ iye rẹ̀ mọ́ ara pátákó káńsù, kí ẹnikẹ́ni má sì fọwọ́ kàn án fún ayẹyẹ. Lára owó náà ni kí epo ọ̀kadà àti owó fóònù òṣìṣẹ́ tó ń tọpa àìsàn ti máa jáde lóṣooṣù, torí òṣìṣẹ́ tó ń fi owó ara rẹ̀ wọ ọkọ̀ lọ wo ojúlé mẹ́ta yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dúró de ojúlé mẹ́wàá. Òdiwọ̀n kan ti wà tí àwọn elétò ìlera ń lò: ọjọ́ 7 láti rí àìsàn, ọjọ́ 1 láti ròyìn rẹ̀, ọjọ́ 7 láti gbé ìgbésẹ̀ tó yẹ. Kí a fi wọn káńsù méjèèjì, kí a sì gbé èsì rẹ̀ sórí rédíò ní èdè tí ará ọjà gbọ́. Àwọn alápatà Láfẹ́nwá náà gbọ́dọ̀ wà nínú ìdálẹ́kọ̀ọ́ yìí, nítorí àwọn ló máa kọ́kọ́ rí ẹran tó ní àrùn, bí irú anthrax tó yọjú ní Ìpínlẹ̀ Niger ní ọdún 2023.

Iṣẹ́ kan tún wà tí kò ní ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Bí àwọn tó ń ṣàkóso ìsédò Ọ̀yán bá ti ń kìlọ̀ pé omi yóò pọ̀ nínú odò Ògùn, kí ìkìlọ̀ náà dé fóònù gbogbo nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù tó wà létí odò ní ọjọ́ kan náà, kí wọ́n lè tètè kó ORS, omi dírípù àti kẹ́míkà tí a fi ń pa kòkòrò inú kànga sílẹ̀. Oṣù Kẹsàn-án àti oṣù Kẹwàá ni omi odò náà máa ń ga jù. Kí oṣù Kẹsàn-án tó wọlé, a óò tún rán akọ̀ròyìn wa padà sí ilé ìtọ́jú yẹn láti lọ wo inú kọ́bọ́ọ̀dù náà, ohun tó bá sì rí níbẹ̀ ni a óò tẹ̀ jáde.