Ron Clarke ò gba góòlù Òlíńpíìkì, ṣùgbọ́n ẹ yé pè é ní ẹni tó kùnà

Ọ̀rọ̀ yìí ti ń ká mi lára ọjọ́ pẹ́, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ jáde. Gbogbo ìgbà tí àwa tá a fẹ́ràn eré ọ̀nà jíjìn bá ti ń ka orúkọ àwọn tó mọ eré é sá jù láyé, tí mo bá ti lè dárúkọ Ron Clarke ará Ọsirélíà báyìí, ẹnì kan á já lu ọ̀rọ̀ mi, á ní góòlù mélòó ló gbà? Tí mo bá dáhùn pé kò gba ìkankan ní Òlíńpíìkì, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn, wọ́n á kọjá sórí ẹlòmíì. Oṣù kẹfà ọdún 2015 ni bàbá yìí kú, ẹni ọdún 78 ni, ìbéèrè kan náà yẹn ni wọ́n ṣì fi ń lé e kiri títí dòní.

Ẹ wo nǹkan tí ọkùnrin yìí ṣe o. Rékọ́ọ̀dù àgbáyé 17 ló fọ́. Lọ́dún 1965 ó lọ sí Yúróòpù, láàárín ọjọ́ 44 ó fọ́ rékọ́ọ̀dù 12, ó ń ti ìlú kan bọ́ sí ìkejì, ó ń sáré bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́. Ní July 10 ó sá máìlì mẹ́ta ní London ní 12:52.4, kò sí ẹni tó sá a wọ abẹ́ ìṣẹ́jú 13 rí kó tó dìgbà yẹn. Ọjọ́ mẹ́rin péré lẹ́yìn ẹ̀ ó ti wà ní Oslo, ó sá mítà 10,000 ní 27:39.4. Rékọ́ọ̀dù tó wà nílẹ̀, òun náà ló ni ín, 28:15.6 ni. Ìṣẹ́jú àáyá 36 ló gé kúrò lára rékọ́ọ̀dù ara ẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo! Lónìí tí ẹnì kan bá gé ìṣẹ́jú àáyá kan péré kúrò gbogbo wa la máa ń pariwo, bẹ́ẹ̀ àwọn tòde òní ní àwọn asáré tí wọ́n ń sanwó fún pé kí wọ́n máa ṣíwájú fún wọn, wọ́n ní iná tó ń tàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì tó ń fi bí eré ṣe gbọ́dọ̀ yá tó hàn wọ́n, ká má tíì sọ ti bàtà. Akáúńtáǹtì ni Clarke ní tiẹ̀, ó ń lọ sí ọ́fíìsì bíi ti gbogbo èèyàn, àárín iṣẹ́ àti ìrọ̀lẹ́ ló ń ráyè sáré.

Àmọ́ ká sọ òótọ́, ó ní àléébù. Kò ní eré àsáparí. Tí ó bá ku laápù kan, ìyẹn yíyípo pápá lẹ́ẹ̀kan, tí ẹni méjì tàbí mẹ́ta bá ṣì wà lẹ́yìn ẹ̀, ọkàn èmi tí mò ń wo fídíò ẹ̀ lẹ́yìn ọgọ́ta ọdún á ti máa já.

Mi ò mọye ìgbà tí mo ti wo laápù tó kẹ́yìn nínú mítà 10,000 ní Òlíńpíìkì Tokyo 1964 yẹn. Òun ló ni rékọ́ọ̀dù, gbogbo ayé ló fọkàn sí i pé òun ló máa gbé e. Ó ti fi eré pá àwọn yòókù dànù lẹ́yìn, ó wá ku òun, Billy Mills ará Amẹ́ríkà tí ọ̀pọ̀ ò tiẹ̀ mọ orúkọ ẹ̀, àti Mohammed Gammoudi ará Tùnísíà. Àwọn tí wọ́n ti fi odindi laápù kan sílẹ̀ sẹ́yìn kún ojú títì bí èrò ọjà, ọ̀kan wà níwájú Clarke gan-an, Mills wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kò ríbi gbà. Ó fapá ti Mills, Mills ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ lọ sóde. Kí wọ́n tó ṣẹ́jú, Gammoudi ti gba àárín àwọn méjèèjì kọjá, ó fọwọ́ là wọ́n bí ẹni ṣílẹ̀kùn. Clarke gbá tẹ̀ lé e, ó sá a dójú ẹ̀, àfi bí Mills ṣe já wọlé látìta lọ́hùn-ún, ó gba ẹ̀gbẹ́ àwọn méjèèjì kọjá bí ìgbà tí wọ́n dúró. Clarke ló ṣe ìkẹta. Ó dùn mí dọ́ba, bẹ́ẹ̀ wọn ò tíì bí mi nígbà yẹn.

Àwọn kan á ní ṣebí kó kúkú fara pamọ́ sẹ́yìn, kó jẹ́ kí ẹlòmíì gba afẹ́fẹ́ sàyà, kó wá já jáde níparí. Ó lè jẹ́ pé ì bá gba góòlù. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣíwájú ni ìrì ń pa lẹ́sẹ̀, ojú ọ̀nà gbígbẹ làwọn ẹ̀yìn ń tọ̀, Clarke sì gbà kí ìrì pa òun. Tó bá ń ṣe bí wọ́n ṣe ní kó ṣe yẹn, ta ni ì bá gbé mítà 10,000 wọ abẹ́ ìṣẹ́jú 28 lọ́dún 1965? Ohun tí mo ń bi wọ́n nìyẹn, wọn kì í dá mi lóhùn.

Mítà 10,000 ti Òlíńpíìkì Mexico 1968 ni mi ò lè wò tán. Ìlú yẹn ga ju 2,200 mítà lọ sókè òkun, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fúyẹ́, àwọn tí wọ́n bí sórí òkè ní Kẹ́ńyà àti Ethiopia ló mọ̀ ọ́n mí. Naftali Temu ará Kẹ́ńyà gba góòlù, Clarke ṣe ìkẹfà, bó ṣe kọjá ìlà báyìí ó ṣubú lulẹ̀, kò mọra mọ́, wọ́n ń fi ọ́síjìn sí i nímú, dókítà ẹgbẹ́ wọn ń sunkún lórí ẹ̀. Ẹni tí wọ́n ní kò ní ọkàn akin nìyẹn o.

Mo gbà pé ibì kan wà tí mi ò ti lè gbèjà ẹ̀ tán. Ìdíje Commonwealth. Perth 1962, Kingston 1966, Edinburgh 1970, fàdákà ni, fàdákà ni ṣáá, kò sì sí gíga ìlú kankan tí mo lè dì í rù níbẹ̀. Wọ́n sá jù ú, ó tán. Mi ò sọ pé òun ló ń gba ipò kìíní ní gbogbo ìdíje ńlá, ohun tí mò ń sọ ni pé ipò kìíní nìkan kọ́ la fi ń wọn eléré.

Ẹni tó mọ̀ jù wá lọ ti dá ẹjọ́ yìí ná. Emil Zatopek ni, asáré ọ̀nà jíjìn ará Czechoslovakia tó gba góòlù mẹ́ta ní Òlíńpíìkì Helsinki 1952, tó jẹ́ pé mẹ́rin péré ló ní nígbà gbogbo ayé ẹ̀. Clarke lọ sáré ní Prague lọ́dún 1966, nígbà tó ń lọ, Zatopek sìn ín dé pápákọ̀ òfurufú, ó ki nǹkan kékeré kan bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ọ̀rẹ́ mi kan ní àánú ló ṣe Zatopek. Rárá o! Ẹni tí àánú ń ṣe á fún èèyàn ní fọ́tò tàbí ṣẹ́ẹ̀tì tó sá. Clarke rò pé nǹkan tí bàbá yẹn fẹ́ kó bá òun gbé yọ kúrò nílùú ni, ó fi í sápò, kò tú u títí bàálù fi gbéra. Mẹ́dàlì góòlù ti 1952 ni, ti mítà 10,000, eré tí Clarke gan-an ń sá.