Ọjà Tí Fóònù Ń Ná

Bí oṣù Kọkànlá bá ti ń lọ sópin, ẹ má wulẹ̀ pe àwọn èèyàn wa ní London, Manchester tàbí Dublin pé kí wọ́n wá bá yín jẹun lópin ọ̀sẹ̀. Wọn ò sí nílé. Wọ́n ti lọ sọ́jà. Kì í ṣe ọjà Peckham tí wọ́n ti ń ra panla àti ẹ̀fọ́ ṣọkọ o. Ọjà Kérésìmesì ni, èyí tí wọ́n ń pàtẹ níta gbangba nílẹ̀ Yúróòpù kí ọdún tó dé: Cologne lọ́jọ́ Ẹtì, Strasbourg lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, Basel lọ́jọ́ Àìkú, kí wọ́n tó sáré padà síbi iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, tàwọn ti imú tó ń dà.

Òyìnbó ló bẹ̀rẹ̀ àṣà yìí, ẹ má jẹ́ ká parọ́. Àwọn ló kọ́kọ́ ń jí ní òru ganjọ́ lọ wọ bàálù olówó pọ́ọ́kú nítorí àtimu ọtí gbígbóná níta gbangba. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ wá: àṣà tí fọ́tò bá ti wà nínú rẹ̀ kì í kọjá lára wa. Ibi tí ọ̀rọ̀ dé báyìí, bí ẹnì kan bá ń gbé òkè òkun, tí kò tíì dúró sábẹ́ iná wẹ́wẹ́ nílẹ̀ Jámánì kó gbé ife sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á máa bi ara wọn léèrè bóyá ìwé ìgbélùú rẹ̀ ni kò pé.

Ká sọ tòótọ́, ọjà gidi ni nígbà kan. Lọ́dún 1434 ni Frederick Kejì, ọmọ aládé tó ń ṣàkóso Saxony nílẹ̀ Jámánì, fọwọ́ sí i pé kí wọ́n pàtẹ ẹran ní Dresden fún ọjọ́ kan ṣoṣo ṣáájú Kérésìmesì, kí ará ìlú lè rí nǹkan fi ṣọdún. Ẹran, ọjọ́ kan, ó parí. Òun ló wá di Striezelmarkt tí wọ́n ń ti òpin oṣù Kọkànlá ná títí di ọjọ́ tó ṣáájú ọdún. Kéèkì tó lórúkọ jù níbẹ̀ ni stollen, èyí tí wọ́n ń kun ní ṣúgà funfun gbòò, tí wọ́n ní ó dúró fún Jésù ọmọ ọwọ́ nínú ọ̀já. Láyé ọjọ́un, ààwẹ̀ ni wọ́n ń gbà lásìkò náà, wọn ò sì gbọdọ̀ fi bọ́tà po kéèkì. Òróró lásán ni. Kò dùn rárá. Àwọn ọmọ aládé kọ̀wé sí Róòmù, wọ́n bẹ̀bẹ̀, nígbà tó di 1491 ni Póòpù Innocent Kẹjọ fèsì pé ó dáa, ẹ fi bọ́tà sí i, ṣùgbọ́n ẹ óò san nǹkan sówó ìkọ́lé Ọlọ́run. Ẹ wo ìyà táwọn èèyàn jẹ kí kéèkì lè dùn. Ẹni tó bá rà á lónìí, kó tó bù ú jẹ, á kọ́kọ́ gbé e sókè síbi iná, á yà á lápá ọ̀tún, á yà á lápá òsì, á ní kí ọ̀rẹ́ òun bá òun dì í mú kí òun ya ọ̀rẹ́ náà. Ìgbà tó bá fi máa kan ẹnu, gbogbo ṣúgà ti dà sórí kóòtù.

Ìyá kan wà tí ọmọ rẹ̀ mú lọ sọ́jà iwájú kàtídírà Cologne. Ìyá yìí ti tajà ní Dùgbẹ̀ rí, ó mọ ọjà. Ó rí ọmọ ogun onígi pupa kan tó fẹnu tóbi bí ọ̀bọ, èyí tí wọ́n ń fi eyín rẹ̀ fọ́ ẹ̀pà òyìnbó. Èló ni? Yúrò 60. Ìyá rẹ́rìn-ín, ó ní òun á san 15. Òyìnbó náà rẹ́rìn-ín. Ìyá gbé e sílẹ̀, ó yíjú padà, ó ń rìn ní ìrìn ẹni tí kò fẹ́ rà á mọ́, ó ń dẹtí sílẹ̀ kí wọ́n pè é padà. Ó rìn dé ìdí ìsọ̀ kejì. Ó rìn dé ìdí ìsọ̀ kẹrin. Ó rìn títí ó fi kan ògiri ṣọ́ọ̀ṣì, kò sẹ́ni tó pè é. “Ṣé wọn ò fẹ́ tà ni?” ló bi ọmọ rẹ̀. Ọmọ ò dáhùn, ó ń ṣe fídíò.

Mi ò bú ọmọ ogun onígi o. Iṣẹ́ ọwọ́ tó gún régé ni. Àwọn agbẹ́gi ìlú Seiffen, lókè Erzgebirge, ló mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa. Àwọn baba wọn ń wa kùsà, nígbà tí kùsà ń tán lọ ni wọ́n kọjú sí igi. Àwọn náà ló ń ṣe bàbá kékeré onígi tó ń mu páìpù tí èéfín tùràrí ń rú jáde lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú àwọn tí mò ń sọ yìí, ta ló ń rà á? Wọ́n á gbé e, wọ́n á la ẹnu rẹ̀, wọ́n á pa á dé, fọ́tò, wọ́n á gbé e padà sórí tábìlì. Ọlọ́jà ò ní sọ̀rọ̀. Á kàn fìka tọ́ka sí bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́gi, tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ya fọ́tò. Wọ́n á ya bébà náà.

Ohun tó ń tà wàràwàrà ni Glühwein. Ẹ jẹ́ kí n là á yé ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Wọ́n á da wáìnì pupa sínú ìkòkò ńlá, wọ́n á ju kànáfùrù, sínámọ́nì, èèpo ọsàn àti ṣúgà sí i, wọ́n á wá máa fi iná díẹ̀ yá a. Kò gbọdọ̀ hó o, torí bí ó bá ti gbóná tó ìwọ̀n 78 Celsius, ọtí inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í bá afẹ́fẹ́ lọ. Ẹ̀yin ará, paraga ni. Paraga tó wọ kóòtù ni. Ẹni tó ń di imú kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá aláparaga ní gáréèjì Ọjọ́ọ̀ta, tó ń sọ pé àwọn awakọ̀ ló ń mu irú ìyẹn, òun kan náà ló to ìlà nínú òtútù ní Nuremberg, tó san yúrò 5, tó ń sọ fún ayé lórí Instagram pé ó ń mú ara yá. Ohun táwọn awakọ̀ ọ̀hún ń wí kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ ife rẹ̀ ló wá pa mí lẹ́rìn-ín jù. Kì í ṣe pé wọ́n ta ife fún ọ. O máa san owó ìdógò lé owó ọtí, yúrò 3, yúrò 4, níbòmíì 5. Bí o bá dá ife padà, wọ́n á dá owó rẹ padà. Ètò tó dáa ni, ilẹ̀ ò ní kún fún pàǹtí. Ṣùgbọ́n àwọn ọlọ́jà gbọ́n jù wá lọ: ọdọọdún ni ọ̀pọ̀ wọn ń pààrọ̀ àwòrán ara ife, wọ́n á kọ orúkọ ìlú sí i, wọ́n á kọ ọdún sí i. Ta ló máa wá dá a padà? Mo mọ Àǹtí kan tí kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀ ti kún. Vienna wà níbẹ̀, Cologne wà níbẹ̀, Dresden wà níbẹ̀, èyí tó rí bíi bàtà wà níbẹ̀. Bí àlejò bá dé, Àǹtí á po tíì fún un nínú ife pilásítíìkì. Ti ọ̀hún, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ má fọ́ ọ. Bùọ̀dá, ọkọ wọn, ló ń rù wọ́n bọ̀ wálé, torí bàálù olówó pọ́ọ́kú kò gbà ju báàgì kékeré kan lọ. Inú àpò kóòtù ni ife ń wọ̀. Ẹ wo àgbàlagbà tó ń dún kọ̀ọ́-kọ̀ọ́ kọjá níwájú àwọn ẹ̀ṣọ́ pápákọ̀ òfuurufú.

Oúnjẹ ńkọ́? Nuremberg ní sọ́séèjì tó lókìkí, òfin ló sọ bó ṣe gbọ́dọ̀ gùn tó: kò gbọdọ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 9 lọ, kò sì gbọdọ̀ dín sí 7. Láti 2003 ni àjọ ìṣọ̀kan ilẹ̀ Yúróòpù ti ń dáàbò bo orúkọ rẹ̀ kí ẹlòmíì má baà jí i lò. Mẹ́ta ni wọ́n ń kì bọ inú búrẹ́dì kan. Mi ò ní ó kéré. Mo kàn ń gba ẹni tó ti Ìbàdàn wá nímọ̀ràn pé kó jẹun kó tó jáde nílé.

Nuremberg yìí náà ni ọmọbìnrin kan tó dé adé wúrà ti ń ṣí ọjà láti òkè ṣọ́ọ̀ṣì Frauenkirche. Ọdún méjì-méjì ni wọ́n ń yàn án, ọjọ́ orí rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà láàárín 16 sí 19, òkè ò sì gbọdọ̀ máa dẹ́rù bà á. Ewì ló ń ké sí àwọn èrò tó pọ̀ bí eṣú nísàlẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ọ. Ọwọ́ tí wọ́n nà sókè kò jẹ́ kí àwọn tó wà lẹ́yìn rí i pàápàá. Inú fóònù ẹni tó dúró níwájú wọn ni wọ́n ti ń wò ó.

Strasbourg ní tirẹ̀ ti fi ara rẹ̀ joyè Olú-ìlú Kérésìmesì láti 1992. Ọjà Nicholas Mímọ́ ni wọ́n ń ná níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, àwọn oníwàásù Pùròtẹ́sítáǹtì ní ìbọ̀rìṣà ni, wọ́n lé e lọ, wọ́n fi ọjà Kristi ọmọ ọwọ́ rọ́pò rẹ̀ ní 1570. Wọ́n rí ẹni mímọ́ lé. Lónìí, èrò tó ń ya wọ ìlú náà lásìkò ọdún lé ní mílíọ̀nù méjì, a ò sì rí oníwàásù tó lè lé wọn. Èèyàn á wọnú èrò nídìí ìsọ̀ àkọ́kọ́, á fẹ́ dúró ra kéèkì olóyin, ìdí ìsọ̀ kẹtàdínlógún ló máa bá ara rẹ̀, láìgbẹ́sẹ̀. Ó ti bọ́ ìbọ̀wọ́ kan kó lè tẹ fóònù, ìka ti yi, òtútù ti pa bátìrì. Ojú rẹ̀ á wá pọ́n gan-an, torí bí fóònù bá ti kú, kí ló tún kù tó fẹ́ ṣe níbẹ̀?

Ẹni tí kò rówó bàálù, Birmingham ti gbé e dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Àwọn ará Jámánì ń kó ìsọ̀ onígi wá ta níbẹ̀, wọ́n sì gbé orí ẹran oníwo ńlá kan kọ́ sókè, Chris Moose lorúkọ rẹ̀, ó ń kọrin Kérésìmesì fún àwọn tó ti mu ọtí yó. Ọjà Frankfurt ni wọ́n ń pè é. Ará Birmingham á wá wọ bàálù lọ sí Frankfurt, ó ní òun fẹ́ rí ojúlówó.

Lincoln, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, náà ní tirẹ̀ láti 1982 títí di 2022. Ọjọ́ mẹ́rin péré ni wọ́n fi ń ná an lọ́dún. Nígbà tó di 2022, nǹkan bí èrò 320,000 ló rọ́ wọ ìlú tí àwọn olùgbé rẹ̀ kò ju bíi 100,000 lọ, gbogbo wọn sì fẹ́ gba òpópónà kan tí wọ́n ń pè ní Steep Hill gòkè. Ẹsẹ̀ ò gbèrò. Ìgbìmọ̀ ìlú jókòó ní 2023, wọ́n ní ó tó gẹ́ẹ́, ewu ń bẹ, wọ́n pa ọjà rẹ́. Nílé wa, ọjà tí kò bá ní èrò ló ń tú. Lincoln ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ pé èrò tú ọjà.

Ẹ má ro pé àwọn èèyàn wa ò mọ ibi tó móoru. Lẹ́yìn Cologne, bó bá fi máa di ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá, wọ́n á ti balẹ̀ sí Lẹ́kì, wọ́n á máa fi bébà fẹ́ ara wọn, wọ́n á máa ráhùn pé ooru Èkó ti pọ̀ jù. Ó sàn fún wọn bẹ́ẹ̀ ju ẹni tó fi ìsinmi sí ẹ̀yìn ọdún lọ. Nuremberg ń palẹ̀ ọjà mọ́ ní aago méjì ọ̀sán ọjọ́ 24. Àwọn ọlọ́jà fẹ́ lọ ṣe Kérésìmesì. Ẹni tó bá débẹ̀ lọ́jọ́ kẹta, òkúta ìgboro ló máa bá, àti ọkùnrin kan tó ń fi ìgbálẹ̀ gbá a.

Ìparí ọdún 2025 lọ̀rọ̀ wá dójú ẹ̀. Fọ́tò ọjà Kérésìmesì kan tàn káàkiri, iwájú ààfin Buckingham ni: ìsọ̀ onígi lọ́tùn-ún lósì, yìnyín lórí òrùlé, iná bíi ìràwọ̀. Àwọn èèyàn gbéra, wọ́n mú ọmọ, wọ́n wọ ọkọ̀ wá sí London. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, gèètì títì ni wọ́n bá, àti omi òjò tó dá rogún sílẹ̀. Kò sí ọjà. Kọ̀ǹpútà ló fúnra rẹ̀ ya gbogbo rẹ̀. Inú bí wọn, wọ́n ní wọ́n lu àwọn ní jìbìtì. Jìbìtì wo? Fọ́tò ni wọ́n wá wá, fọ́tò sì ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó kúrò nílé. Kò sẹ́ni tó gba yúrò kan ìdógò lọ́wọ́ wọn, kò sẹ́ni tó tẹ̀ wọ́n lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀ nídìí sọ́séèjì. Mo sì fẹ́ búra pé a ò ní ṣàìrí ẹnì kan nínú wọn, ọmọ tiwa sì ni, tó ní kí ọkọ òun sún sẹ́yìn díẹ̀, kó má jẹ́ kí omi ilẹ̀ hàn, kó ya òun àti gèètì.