Ẹni Tó Bá Orin Nílẹ̀ Ni Kó Dí Ariwo

Fúláàtì alájà gíga tí ìgbìmọ̀ ìlú fọwọ́ sí lọ́sẹ̀ tó kọjá, láàárín àwọn ilé ijó àti gbọ̀ngàn orin, kò ní òfin ariwo kankan nínú ìwé àṣẹ rẹ̀. A ti wí títí, ẹnu wa fẹ́rẹ̀ẹ́ bó: ẹni tó bá orin nílẹ̀ ni kó sanwó ìdènà ariwo.

Àwọn ẹlòmíì ti ṣe é. Ní ìpínlẹ̀ Victoria, ní Ọsirélíà, láti 2014, ẹni tó bá kọ́ ilé gbígbé sí ìwọ̀n 50 mítà sí gbọ̀ngàn orin ni yóò dí ariwo náà. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi irú rẹ̀ sínú ìlànà ìkọ́lé ní 2018. Kí ni tiwa ṣì ń dúró dè?

Ọ̀sán ni wọ́n lọ wọn ariwo tí wọ́n fi gbe ìwé àṣẹ yìí lẹ́yìn. Ọ̀sán, ní àdúgbò tó jẹ́ pé òru ló ń jí! Òru Jímọ̀ àti Sátidé, lẹ́yìn aago méjìlá, ló yẹ kí wọ́n lọ. Òṣùwọ̀n dBA tí wọ́n lò, èyí tó ń wọn ariwo bí etí ṣe ń gbọ́ ọ, sì ń yọ nǹkan bíi dẹ́síbẹ̀lì 26 kúrò nínú ìró 63 Hz, ìyẹn béèsì tó ń gbọ̀n ní ìgbà 63 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bẹ́ẹ̀ béèsì yìí gan-an ló ń gba inú ògiri kọjá, tó ń mi bẹ́ẹ̀dì. Kí wọ́n wọn 63 àti 125 Hz lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ibi fèrèsé ni nǹkan ti sábà máa ń bàjẹ́. Kọ́lékọ́lé á fi gíláàsì onílọ̀ọ́po méjì sí i, ṣùgbọ́n kò ní fi ẹ̀rọ tó ń fa atẹ́gùn wọlé sí yàrá. Ooru á mú onílé, á ṣí fèrèsé, owó gíláàsì á sì wọmi. Nígbà tó bá máa fi di ọjọ́ Ajé, ìwé ẹ̀sùn ti dé, gbọ̀ngàn tó ti wà níbẹ̀ tipẹ́ ni wọ́n á sì lọ tì pa.

Àwọn onígbọ̀ngàn náà ní tiwọn láti ṣe: ilẹ̀kùn méjì tó tẹ̀lé ara wọn, kí ọ̀kan ti padé kí èkejì tó ṣí, kí wọ́n sì gbé ẹ̀rọ agbóhùnsókè lé rọ́bà, kó má kan ògiri.

 

Wọn ò tíì gbẹ́ ìpìlẹ̀. Kí ìgbìmọ̀ gba ìwé àṣẹ náà padà ní ìjókòó tó ń bọ̀, kí wọ́n kọ ìdíwọ̀n òru, gíláàsì àti ẹ̀rọ atẹ́gùn sínú rẹ̀, kí wọ́n tó dá a padà fún kọ́lékọ́lé.