Ẹ kọ́kọ́ wá wo ilẹ̀ ná, kí ẹ tó gbé fọ́ọ̀mù jáde

Ẹ̀yin èèyàn mi, Èkìtì kete o. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí mo ti fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí, dátà ni ò jẹ́.

Tí ìjọba bá ti kéde pé owó kan wà fún àgbẹ̀ láti fi tọ́jú ilẹ̀ báyìí, owó pọ́ǹpù sólà o, owó láti fi dènà ọ̀gbàrá o, owó igi gbígbìn o, gbogbo gúrúùpù WhatsApp ló máa gbóná, líǹkì á máa fò sókè sódò, "ẹ tètè forúkọ sílẹ̀ o, ọjọ́ Friday ni wọ́n máa tì í". Èmi náà máa ń fi ránṣẹ́, mi ò ní purọ́. Mo tiẹ̀ jókòó kọ ọ̀kan fún màmá mi. Torí náà kì í ṣe owó yẹn ni mò ń bá jà, ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ni. Fọ́ọ̀mù ni wọ́n ń kọ́kọ́ gbé jáde, ilẹ̀ ni wọ́n ń wò gbẹ̀yìn, ìyẹn tí wọ́n bá tiẹ̀ wò ó rárá.

Oko kòkó màmá mi wà lápá Ògòtún. Ẹni tó bá mọ ibẹ̀ mọ̀ pé òkè lọ́tùn-ún òkè lósì ni, oko náà gan-an gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ló ṣe wálẹ̀ títí dé etí odò. Nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdírì, ojú ọ̀gbàrá tó gba àárín oko yẹn kọjá, fífò la máa ń fò ó. Ní báyìí tí mo bá dúró sínú ẹ̀, ó dé mi láyà. Gbòǹgbò kòkó ti yọ síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ìka ọwọ́ arúgbó, igi mẹ́rin ló ti wó sínú ẹ̀ tí mo fojú ara mi rí. Màmá mi ò káwọ́ gbera o. Tí wọ́n bá ti gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tán, wọ́n á wọ́ ìtí ẹ̀ lọ síbẹ̀, wọ́n á fi dábùú ojú omi, wọ́n á ṣa òkúta sínú bàsíà, wọ́n á tò ó tì í, òjò tó bá tún rọ̀ á kó erùpẹ̀ jọ sẹ́yìn ẹ̀, wọ́n á wá fi kókò síbẹ̀. Ibi tí wọ́n gbin ẹ̀gẹ́ sí, ebè ibẹ̀ dábùú òkè ni, kò kọjú sódò.

Ta ló kọ́ wọn? Ọkùnrin ágíríìkì kan ni, ará ADP, iléeṣẹ́ ìjọba tó máa ń rán èèyàn wá kọ́ àgbẹ̀ lóko. Ọ̀kadà ló máa ń gùn wá nígbà yẹn, bàtà ẹ̀ á ti kún fún ẹrẹ̀, á ní kí wọ́n bu omi fún òun, á wá rin oko náà látòkè dódò kó tó la ẹnu sọ nǹkan kan. Ó ní, "Màmá, ẹ má kọ ebè yìí sí ìsàlẹ̀ mọ́, ẹ̀ ń la ọ̀nà fún ọ̀gbàrá ni." Ó ti lé ní ogún ọdún, màmá mi ò gbàgbé. Nígbà tí ọkùnrin yẹn fẹ̀yìn tì, a ò rí ẹni tó rọ́pò ẹ̀ títí dòní.

Ó wá di ọjọ́ fọ́ọ̀mù. Ètò kan ni, mi ò ní dárúkọ ẹ̀. A wọ kaféè kan ní Ìjìgbò l'Ádó, ó ku ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n tì í. NIN wà, BVN wà, mo ti rò pé ó ti parí, àṣé "h" kan wà nínú orúkọ wọn ní báńkì tí kò sí nínú ti NIN, fọ́ọ̀mù ní òun ò mọ ẹni náà rí. Ọjọ́ kan lọ síbẹ̀ yẹn, a tún padà wá. Nígbà tá a yanjú ìyẹn ó ní òun fẹ́ rí C of O, ìwé àṣẹ ilẹ̀ tí ìjọba ń fúnni. C of O ilẹ̀ ẹbí! Ó tún wá béèrè "environmental management plan", ká gbé e wá ní PDF, kó má ju 2MB lọ. Màmá mi bi mí pé kí nìyẹn, mo ní wọ́n ní kí ẹ sọ bí ẹ ṣe fẹ́ tọ́jú ilẹ̀ yín ni. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ. Ibi tí omi ti ń wá, igi tí wọn ò ní gé láéláé torí òun ló di ilẹ̀ ibẹ̀ mú, ibi tó yẹ kí òkúta ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó yẹ kó parí sí, ó tó bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ọmọ kaféè náà gan-an fi iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ sílẹ̀ ó ń gbọ́ wọn. Gbogbo ẹ̀ tí wọ́n sọ, òyìnbó ni fọ́ọ̀mù fẹ́, ojú ibi tá a máa kọ ọ́ sí ò ju ìlà mẹ́ta lọ. Mo kọ "erosion control and agroforestry". Ohun tó ṣẹ́kù nínú ọ̀rọ̀ màmá mi nìyẹn.

Fọ́tò ọ̀gbàrá tí mo yà jẹ́ 6MB, ó kọ̀ ọ́. Ọmọ kaféè bá wa dín in kù títí tí ọ̀gbàrá tó dé mi láyà fi dà bí ilẹ̀ tí adìẹ tàn. Owó kaféè ń lọ, owó ọkọ̀ Ògòtún sí Adó lọ àbọ̀ lẹ́ẹ̀mejì ń lọ. Wọn ò pè, wọn ò fi tẹ́ẹ̀sì ránṣẹ́, wọn ò tiẹ̀ sọ pé ẹ pẹ̀lẹ́.

Mo ní ẹ̀gbọ́n kan tó ń gbé Maryland l'Amẹ́ríkà, tòmátò àti ẹ̀fọ́ ni wọ́n ń gbìn sórí ilẹ̀ tí kò tó éékà méjì. Wọ́n jẹ nínú owó tí ìjọba ibẹ̀ ń fún àgbẹ̀ láti fi tọ́jú ilẹ̀, tí wọ́n ń pè ní EQIP, ọdún 1996 tí wọ́n dá Ekiti tiwa sílẹ̀ gan-an ni Amẹ́ríkà fi í sínú òfin. Mo ní kí wọ́n sọ bó ṣe lọ fún mi. Wọ́n ní ṣe làwọn rìn wọ ọ́fíìsì USDA, iléeṣẹ́ ìjọba wọn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àgbẹ̀, tó wà ní kàùntì àwọn, àwọn sọ ohun tó ń ṣe ilẹ̀ àwọn, ẹnì kan wá sóko, ó rìn ín, ó gbẹ́ ilẹ̀ wò, òun gan-an ló bá àwọn kọ plan. Ẹ gbọ́ ibẹ̀ yẹn dáadáa, ẹni tó ń gbé owó wá ló ń bá àgbẹ̀ kọ ọ́. Bébà ṣì pọ̀ níbẹ̀ o, wọ́n máa ń fún oko kọ̀ọ̀kan ní máàkì, ti ẹni tó bá pọ̀ jù ló máa ń kọ́kọ́ wọlé, torí àwọn tó ń béèrè máa ń ju owó tó wà nílẹ̀ lọ. Tí o bá sì lọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kí wọ́n tó buwọ́ lùwé, o ti ṣe tìẹ gbé nìyẹn, wọn kì í sábà sanwó ẹ̀. Tí iṣẹ́ bá parí wọ́n á wá wò ó, wọ́n á wá san iye tí wọ́n ti dá lé e, ṣùgbọ́n ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ oko tàbí tí kò lówó lọ́wọ́ lè gba ó kéré tán ìdajì ṣáájú. Ẹ̀ka tó ń bójú tó o, NRCS, ọdún 1935 ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ lórúkọ mìíràn, nígbà tí atẹ́gùn ń gbé erùpẹ̀ oko wọn lọ tí ojú ọ̀run ń ṣókùnkùn lọ́sàn-án gangan.

Mi ò ní ọ̀run ni Amẹ́ríkà o. Lọ́dún 2025, wọ́n ṣàdédé dá irú owó báyìí kan dúró, àwọn àgbẹ̀ tó ti fi owó ara wọn ṣiṣẹ́ sílẹ̀ wá ń wojú ìjọba. Ìjọba, ìjọba náà ni níbi gbogbo.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó dùn mí jù. Àwọn Yúróòpù ṣòfin lọ́dún 2023 pé kòkó tó bá ti orí ilẹ̀ tí wọ́n pa igbó ẹ̀ lẹ́yìn December 31, 2020 wá, wọn ò ní jẹ́ kó wọ ọjà àwọn. Wọ́n ti sún ọjọ́ tó máa bẹ̀rẹ̀ síwájú, ṣùgbọ́n àwọn tó ń ra kòkó ò dúró dè é. Ọmọkùnrin kan tí wọ́n rán gbé fóònù wá sóko wa láti fi ya máàpù ẹ̀, ó yí ẹ̀bá ẹ̀ ká, ó ń tẹ̀ ẹ́ lọ ní igun kọ̀ọ̀kan, ó parí ẹ̀ kí màmá mi tó sun iṣu fún un tán. Kò béèrè C of O. Tí ẹni tó fẹ́ ra kòkó bá lè gun òkè Ògòtún, kí ló dé tí ẹni tó ní òun fẹ́ ràn wá lọ́wọ́ ò lè gùn ún?

Ẹ máa sọ pé olè ló pọ̀, òun ni wọ́n ṣe ń béèrè ìwé. Òótọ́ ni olè pọ̀. Ẹ rántí owó àgbẹ̀ tí wọ́n pè ní Anchor Borrowers, tí CBN bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2015, èyí tó jẹ́ pé yíyá ni wọ́n yá àwọn èèyàn, àwọn kan gbà á wọ́n ní ìpín tiwọn nínú owó ìjọba ni, ó parí. Mo mọ àwọn àgbẹ̀ inú fọ́ọ̀mù l'Ádó yìí, ẹni tí kò mọ̀yàtọ̀ láàárín ewé iṣu àti ewé èsúrú, tó ní kọ́ńpìnì tó forúkọ sílẹ̀ ní CAC, tó ní plan PDF tó ń dán gbinrin. Ẹ̀yin ẹ rò ó, ìwé ta ló máa ń pé jù? Ti olè ni! Olè ráyè jókòó kó ìwé jọ, torí kò sí oko tó ń dúró dè é. Ìwé ò lè dá olè mọ̀, ilẹ̀ ló lè dá a mọ̀. Fadama, ètò ìjọba fún àgbẹ̀ ìgbà kan, tiẹ̀ sàn díẹ̀ lójú tèmi (Haúsá ni Fadama yẹn o, àkùrọ̀ wa yìí náà ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀), torí ẹgbẹ́ àgbẹ̀ ni wọ́n máa ń bá ṣe, wọ́n á sì ní kí ẹgbẹ́ dá tiwọn sí i, ará ẹgbẹ́ sì mọ ẹni tó ní oko àti ẹni tó kàn ní fìlà.

Ti C of O yẹn, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi sílẹ̀. Òfin ilẹ̀ 1978 gan-an sọ pé ẹni tó ti ń dáko lórí ilẹ̀ ìgbèríko kí òfin náà tó dé, kó máa lò ó lọ bíi pé ìjọba ìbílẹ̀ ló fún un. Kí olórí ẹbí àti baálẹ̀ buwọ́ lùwé, kí aládùúgbò oko méjì jẹ́rìí sí i, ó tó. Ọmọ obìnrin ni màmá mi, ẹ̀tọ́ tí wọ́n ní lórí ilẹ̀ bàbá wọn, ẹnu làwọn ẹ̀gbọ́n wọn fi pín in fún wọn, ìwé kankan ò sí níbẹ̀. Obìnrin mélòó ló wà báyẹn l'Ékìtì tí wọn ò ní í kọjá ìbéèrè yẹn láéláé?

Ohun tí mò ń fẹ́ ò pọ̀. Ẹ gba ọmọ tó kẹ́kọ̀ọ́ ágíríìkì jáde tó wà nílé tí ò ríṣẹ́, wọ́n kúkú pọ̀, ẹ fún un ní ọ̀kadà àti fóònù, kó lọ sóko, kó fi Yorùbá bá màmá sọ̀rọ̀, kó gba ohùn wọn sílẹ̀, òun ni kó lọ kọ òyìnbó ẹ̀. Kí wọ́n fún wọn ní ìdajì owó, kí wọ́n wá wò ó, kí wọ́n san ìyókù. Ẹni tí kò bá ṣiṣẹ́, ojú ọ̀gbàrá á fi hàn.

Lọ́jọ́ Sunday màmá mi pè mí. "Ọmọ mi, àwọn yẹn ò tíì dáhùn?" Mo ní wọn ò tíì dáhùn, mà. Wọ́n ní kò burú, òjò ti ń ṣú lápá ibẹ̀, kí n yáa wá ní Sátidé, òkúta méjì kan wà tí àwọn ti yí títí tí ò mira, kí n sì mú ẹnì kan dání.