Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́: ọ̀rọ̀ aṣọ iṣẹ́ fún ẹ̀yin àbúrò mi ọkùnrin

Òkun o, ẹ̀yin èèyàn mi. Àbúrò mi kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ríṣẹ́ sí Lọ́kọ́jà, ó pè mí lálẹ́ ọjọ́ tó gba lẹ́tà, mo rò pé ká jọ dúpẹ́ ni, àṣé owó súùtì ló fẹ́ yá. Súùtì méjì o! Ó ní tóun bá wọ nǹkan yẹpẹrẹ débẹ̀ wọ́n á máa fojú tín-ín-rín wo òun, ṣebí àwọn àgbà ló ní aṣọ là ń kí ká tó kí èèyàn. Mo ní àbúrò mi, èmi tó o fẹ́ yáwó lọ́wọ́ ẹ̀ yìí náà ṣì ń san gbèsè, bí ìhòòhò bá ní òun máa dáṣọ fún ẹ, ṣebí orúkọ ẹ̀ lo máa kọ́kọ́ gbọ́. A jọ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀hún ò kúrò nínú mi.

Òwe tó mú wá yẹn, mi ò bá a jà. Ṣùgbọ́n òwe míì wà tó yẹ kó ṣáájú ẹ tá a bá ń sọ̀rọ̀ aṣọ: ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Eku ò wo ilé ọ̀yà kó tó gbẹ́ tiẹ̀. Ihò tó bá fẹ̀ jù, òtútù á wọlé, ejò náà á wọlé, èyí tó bá sì há jù, ìrù á kù síta, ọmọ tó ń dọdẹ kiri á kàn fi ìrù fà á jáde ni. Ojú méjì ni mo fi ń wo òwe yìí tó bá kan aṣọ iṣẹ́: kó bá ara ẹ mu, kó sì bá àpò ẹ mu. Ibi tí ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣubú ni pé a máa ń ronú nípa àwọ̀ àti orúkọ tó wà lára aṣọ, a ò ní ronú nípa ara tó máa wọ̀ ọ́.

Ojú mi ti rí i o. Lọ́jọ́ tí èmi náà kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Lọ́kọ́jà, kóòtù bùrọ̀dá mi ni mo wọ̀, dúdú, ó nípọn bíi bùláńkẹ́ẹ̀tì. Àárọ̀ kùtù ni mo gbéra ní Kàbà, ìgbà ọyẹ́ ni, òtútù ò jẹ́ kí n mọ nǹkan tí mo gbé wọ̀, mo jókòó síwájú mọ́tò mo ń yan bí olóyè. Nígbà tá a máa fi kọjá Obajana, eruku àwọn tírélà sìmẹ́ńtì ti sọ èjìká mi di funfun, nígbà tá a sì fi máa wọ Lọ́kọ́jà oòrùn ti là, ẹ ṣáà mọ ìlú yẹn, òkè Patti níhìn-ín, odò Ọya lọ́hùn-ún, ooru àárín méjèèjì kì í ṣe kékeré. Òógùn bò mí. Apá kóòtù bò mí dé orí ìka, tí mo bá fẹ́ bọ èèyàn lọ́wọ́, mo ní láti kọ́kọ́ wá ọwọ́ mi. Bí mo ṣe dé géètì, bàbá tó ń ṣọ́ ibẹ̀ wò mí lókè wò mí nílẹ̀, wọ́n ní, "Pásítọ̀, ẹ má bínú o, ọ̀gá ti ní ká má gba oníwàásù wọlé mọ́."

Wọ́n kí aṣọ mi lóòótọ́. Èmi tí mo wà nínú ẹ̀ ni wọn ò rí kí. Pásítọ̀ ni wọ́n sì ń pè mí níbẹ̀ títí wọ́n fi gbé mi lọ sí ẹ̀ka míì.

Bàbá télọ̀ kan ní Kàbà ló là mí lójú. Mo gbé kóòtù náà lọ bá wọn pé kí wọ́n bá mi dín in kù. Wọ́n fi téèpù wọn èjìká mi, wọ́n wọn ti kóòtù, wọ́n gbé téèpù padà sọ́rùn, wọ́n ò tiẹ̀ gbé sísọ́ọ̀sì rárá. "Ọmọ mi, mo lè gé apá, mo lè fún ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ti èjìká yìí, iṣẹ́ ẹ̀ á ju owó kóòtù lọ. Dá a padà fólówó ẹ̀." Láti ọjọ́ náà, tí mo bá wọ ọjà òkìríkà, èjìká ni mo kọ́kọ́ ń wò. Ojú rírán tó so apá mọ́ ara ṣẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ jókòó sórí egungun ibi tí èjìká parí sí, tó bá ti ń ṣàn lọ sápá, gbé e sílẹ̀, bó ti wù kó wù ẹ́ tó. Gígùn ṣòkòtò, ìbàdí, apá, gbogbo ìyẹn télọ̀ máa tún un ṣe lówó pọ́ọ́kú. Nọ́ńbà tó wà nínú kọ́là náà kì í ṣe ọ̀ṣọ́, 16 túmọ̀ sí pé ínṣì 16 ni ọrùn ẹ̀ yíká. De bọ́tìnnì òkè, ti ìka méjì bọ̀ ọ́, tó bá gbà á wẹ́rẹ́ ó dáa, tó bá gba mẹ́rin o ti dà bí ewúrẹ́ tí wọ́n so. Táì, kó kan orí bẹ́líìtì. Ṣòkòtò, kó fara kan bàtà díẹ̀, kó má ká jọ sórí ẹ̀. Ó tán.

Ti àpò wá ńkọ́? Owó súùtì kan ṣoṣo tí àbúrò mi ń wí, á ra ṣẹ́ẹ̀tì mẹ́ta, ṣòkòtò méjì, bíi búlúù tó ṣú àti áàṣì, ká má tíì sọ bàtà dúdú kan pẹ̀lú bẹ́líìtì tó bá a mu. Ẹ ṣírò ẹ̀: mẹ́ta lọ́nà méjì, mẹ́fà nìyẹn, ọjọ́ iṣẹ́ sì jẹ́ márùn-ún, ọjọ́ Fráídè tí ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ń wọ bùbá àti ṣòkòtò ò tiẹ̀ sí nínú ẹ̀. Kó jẹ́ aṣọ òwú tí ń mu òógùn o, pọlísítà ò dáa fún ooru Lọ́kọ́jà. O sì máa rí ọ̀gá kan níbẹ̀ tí kì í wọ aṣọ kan náà lẹ́ẹ̀mejì lóṣù, má da ara ẹ láàmú, bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà, ọdún mélòó lọ̀gá náà ti ń rà á jọ?

Àwọn tó bí wa náà mọ̀ pé aṣọ níbi tó ń lọ. Ní Bùnú, aṣọ ìpò pupa yẹn, ẹ̀yẹ òkú olóyè ni wọ́n ń fi ṣe, kò sẹ́ni tó máa ró o lọ sóko. Ẹni tó ń ṣe tíṣà ní Ẹ̀gbẹ̀ tàbí Ìsánlú tó ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ̀wé, kí ló fẹ́ fi ṣòkòtò dúdú ṣe lójoojúmọ́? Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì, bàtà onírin àti ofaróòlù tó mọ́ ni súùtì tiẹ̀.

Ìtọ́jú ló kù, ibẹ̀ ni mo ti ń bínú jù. Kọ́là funfun tó ti pọ́n, wọ́n á da bílíìṣì sí i, bílíìṣì yẹn tún lè jẹ́ kí àmì òógùn pọ́n sí i. Ọṣẹ ni kó o fi pa kọ́là lálẹ́ ọjọ́ tó o bọ́ ọ, kí òógùn tó gbẹ. Tó o bá ń lọ aṣọ, abẹ́ kọ́là ni kó o kọ́kọ́ lọ̀, láti ṣóńṣó wá sáàárín, tó o bá ti àárín lọ sí ṣóńṣó, á ká jọ síwájú, ibi tí gbogbo ayé á ti rí i. Tí iná ò bá sí, tó jẹ́ áyọ́ọ̀nù eléèédú, nu ìdí ẹ̀ mọ́ àkísà kó o tó gbé e lé funfun. Bàtà náà, fi búrọ́ọ̀ṣì gbọn eruku ọyẹ́ kúrò kó o tó fi kíwì kàn án, eruku àti kíwì tó bá pò pọ̀ ló ń họ awọ.

Àbúrò mi ti ra ṣẹ́ẹ̀tì méjì báyìí, ó ní ẹlẹ́ẹ̀kẹta di òpin oṣù. Kóòtù bùrọ̀dá mi ṣì wà lórí ìṣó ní ilé wọn ní Kàbà. Ọdún Kérésì tó kọjá, mo tún fi í dánwò, ìka mi ò tíì jáde.